Ààrò Mẹ́ta Kì Í Da Ọbẹ̀ Nù, Ṣùgbọ́n Ó Ń Da Iná Nù

Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró ti ààrò olókùúta mẹ́ta ní kántíìnì ilé-ẹ̀kọ́ yóò rí i pé bí kò tilẹ̀ da ọbẹ̀ nù, ó ń da iná nù. Ọwọ́ iná ń yọ ní ìhà gbogbo, afẹ́fẹ́ ń gbé ooru lọ, èéfín sì ń ta àwọn ìyá tó ń dáná lójú. Díẹ̀ nínú ooru igi náà ló ń dé ìdí ìkòkò. Ìyókù ti ṣòfò.

Ní ọdún 2017 ni ìjọba Benin bẹ̀rẹ̀ ètò oúnjẹ ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń pè ní PNASI, àjọ PAM sì ń bá a ṣe é. A dúpẹ́, nítorí ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn tún wọ̀ ọ́. Àmọ́ ìrẹsì àti ẹ̀wà kì í ṣàdédé jinná. Igi ló ń sè wọ́n, ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ sì rèé, òbí ló ń wá igi náà, tàbí kí ọmọ rù ú wá láti ilé. Nítorí pé igi yìí kì í sí nínú ìwé ìnáwó, ó dà bí ọ̀fẹ́. Kì í ṣe ọ̀fẹ́ rárá. Ìyá tó yẹ kó ti dé ọjà ṣùgbọ́n tó ń ṣẹ́gi ti san owó. Ọmọ tó ru igi kó tó wọ kíláàsì ti san tirẹ̀. Igbó tó yí Manigri àti Bassila ká náà ń san.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ kíláàsì. Nínú oṣù kẹta àti oṣù kẹrin, kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ta ni nínú wa tí kò mọ bí abẹ́ páànù ṣe ń rí lọ́sàn-án? Ọmọ ń làágùn, olùkọ́ ń làágùn, ẹ̀kọ́ ò wọlé mọ́. Ẹnìkan lè ní kí wọ́n ra fáànù. Fáànù dára, ṣùgbọ́n bí ilé fúnra rẹ̀ bá jẹ́ ààrò, owó iná ni a ó máa san títí.

Ẹ jẹ́ ká wo Gando, abúlé kan ní Burkina Faso. Ọmọ ibẹ̀, Diébédo Francis Kéré, fi amọ̀ kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ síbẹ̀, wọ́n sì parí rẹ̀ ní 2001. Ó gbé páànù sókè kúrò lórí àjà, kí atẹ́gùn lè máa gba àárín méjèèjì kọjá, kó sì máa gbé ooru lọ. Kíláàsì náà tutù láìlo iná ìjọba. Kéré yìí kan náà ló ya àwòrán ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin tuntun wa ní Porto-Novo. Bí ọgbọ́n rẹ̀ bá yẹ àwọn aṣòfin, ó yẹ àwọn ọmọ Manigri náà.

Owó ń kọ́? Ní 2015, Amẹ́ríkà bá Benin fọwọ́ sí àdéhùn 375 mílíọ̀nù dọ́là lórí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Apá kan nínú rẹ̀, tí wọ́n pè ní OCEF, wà fún sólà àti fún fífi iná mọ níwọ̀n. Àdéhùn náà parí ní 2023. Owó àlejò a máa wá, a sì máa lọ. Èyí tó wà nílẹ̀ ni owó tí ìjọba ń fi ránṣẹ́ sí àwọn kọ́múùnù, FADeC àtijọ́ tó ti di FIC báyìí. Owó yẹn ń kọ́ kíláàsì, a rí i. Ohun tí a ò tíì rí tó ni ìṣirò ohun tí kíláàsì náà yóò máa jẹ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti kọ́ ọ tán.

Àwọn kan á ní kíláàsì ò tíì tó, olùkọ́ ò tíì tó, kí la fẹ́ fi ọ̀rọ̀ ààrò ṣe? Èsì wa ni pé kíláàsì, ẹ̀ẹ̀kan la ń kọ́ ọ, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ là ń dáná. Ohun tó ń jò lójoojúmọ́ ló ń sọni di òtòṣì.

Nǹkan mẹ́ta la ń bẹ ìgbìmọ̀ kọ́múùnù Bassila fún. Èkíní, kí wọ́n fi owó ìlú mọ ààrò alámọ̀ tí ìkòkò jókòó sínú rẹ̀ dáadáa sí gbogbo kántíìnì. Bíríkìlà wa lè mọ ọ́n. Èkejì, kí wọ́n má kọ́ kíláàsì tuntun láìsí àjà, láìsí ihò atẹ́gùn lókè ògiri, láìsí igi ìbòòji láyìíká. Ẹ̀kẹta, níbi tí sólà bá wà, kí owó bátìrì àti àtúnṣe wà nínú ìwé ìnáwó ọdọọdún, nítorí sólà tí bátìrì rẹ̀ ti kú, ọ̀ṣọ́ orí òrùlé lásán ni.

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa nínú ẹgbẹ́ òbí akẹ́kọ̀ọ́, nígbà tí wọ́n bá ń ka ìnáwó kọ́múùnù, ẹ má wulẹ̀ bèèrè pé kíláàsì mélòó ni. Ẹ bèèrè pé ta ni yóò máa ru igi rẹ̀.