Ẹ má ṣe fi owó ilé kan parí ilé mìíràn

Ẹ̀yin ará wa, ẹ rìn yí ìlú ká. Ní Kétu, ní Ṣábẹ, ní Pobẹ̀, ní Àjàṣẹ́, ẹ óò rí ilé tí ògiri rẹ̀ dúró sí ojú fèrèsé, tí koríko ti hù nínú yàrá. Ẹ bi onílé, á ní ọ̀gá mọlémọlé gba owó, kò padà wá mọ́. Ẹ bi ọ̀gá, á ní owó onílé kò tó. Ó lè jẹ́ pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì ń sọ.

Ẹni tó ń ta gàrí, gàrí rẹ̀ ti wà nílẹ̀ kí ó tó dá iye lé e. Ti kọ́lékọ́lé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ń dá iye owó lónìí fún ilé tí yóò parí lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Sìmẹ́ǹtì tí yóò lò lóṣù karùn-ún, kò tíì rà á.

Àwọn àgbà wa rántí oṣù kìíní ọdún 1994. Tẹ́lẹ̀, 50 fàránkì wa ni à ń fi gba 1 fàránkì àwọn Faransé. Ní ọjọ́ 12 oṣù yẹn, ó di 100. Irin àti páànù tó ń ti òkè òkun wá gbówó lórí. Ọ̀gá tó ti fọwọ́ sí àdéhùn ní oṣù kejìlá ọdún 1993, tí kò sì tíì ra irin, gbèsè ni ó bá nílẹ̀. Èyí tó sún mọ́ wa: ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà dáwọ́ owó ìrànlọ́wọ́ orí epo dúró. Kpayo wọ́n lójijì, àwọn ọlọ́kọ̀ sì fi kún owó ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò. Ká ní ilé kan fẹ́ 100 àpò sìmẹ́ǹtì. Bí àpò kan bá fi 500 fàránkì wọ́n sí i, ó di 50 000 fàránkì. Ta ni yóò san án?

Níhìn-ín ni ọ̀ràn ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá kò fẹ́ bá onílé jà. Ó gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ ìyá kan, ó fi kan òrùlé bàbá kan. Nígbà tí ìyá bá dé, ó wá owó ẹlòmíràn fi ṣe ìpìlẹ̀ rẹ̀. Ó ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ títí òjò fi dá iṣẹ́ dúró, tí ẹni tuntun kò sì wá. Ọ̀gá yìí kò gbèrò olè. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tí kò rí ilé, olè ni.

Àwọn mìíràn kì í sá. Tiwọn burú jù. Wọ́n ń dín sìmẹ́ǹtì kù. Bẹ́tọ̀n tí a ń dà sí òpó onírin, bí a bá rọ ọ́ kún àpótí tó gùn ní mítà 1, tó fẹ̀ ní mítà 1, tó sì ga ní mítà 1, àpò 7 tó wọn kílò 50 ni ó yẹ kó wọ inú rẹ̀. Ẹni tí owó tán lọ́wọ́ rẹ̀ á fi 5 ṣe é, á da omi sí i kó lè máa ṣàn. Omi àpọ̀jù kì í jẹ́ kí bẹ́tọ̀n lágbára. Á tún tètè yọ pákó kúrò lábẹ́ rẹ̀, torí pé wọ́n ń dúró de pákó náà níbòmíràn. Abẹ́ bẹ́tọ̀n yẹn ni àwọn ọmọ yóò máa sùn.

Ẹ̀yin onílé náà, ẹ gbọ́. Iṣẹ́ dé ààbọ̀, ẹ ní kí wọ́n fi ilé ìdáná kún un, ẹ kò fi owó kún un. Bí ọ̀gá bá mú ìwé jáde, ẹ ní: «Ẹbí ṣáà ni wá.» Èmi rò pé àárín ẹbí gan-an ni ìwé ti wúlò jù, nítorí a kò lè gbé ẹbí lọ sí kóòtù.

Ẹni tó gba iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ lọ́wọ́ kọmúnù ní ìṣòro tirẹ̀: wọ́n ń wá wọn iṣẹ́ kí wọ́n tó sanwó, owó sì lè pẹ́. Àwọn ọmọ iṣẹ́ kò lè fi ebi dúró. Kí ó má gba irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bí kò bá ní owó nípamọ́.

Ẹ ra ìwé kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ní apá òsì, owó tó wọlé. Ní apá ọ̀tún, owó tó jáde. Kí onílé máa sanwó ní ìpele: ìpìlẹ̀, ògiri, òrùlé. Ní ojú ewé àkọ́kọ́, ẹ kọ iye àpò sìmẹ́ǹtì kan ní ọjọ́ àdéhùn, àti ẹni tí yóò san àfikún bí ó bá wọ́n. Kí àwọn méjèèjì fọwọ́ sí i. Ẹni tí kò tíì mọ̀wé lè tẹ ìka, ṣùgbọ́n kí ọmọ rẹ̀ kà á sí i létí ná.