Ẹ Yé Fi Ọsàn Wẹ́wẹ́ Fọ Kọ́bọ̀ Àtijọ́

Ọ̀rọ̀ yìí ti ń ká wa lára tipẹ́, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́. Bí wọ́n bá ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní Yábà tàbí Sùúrùlérè, tí ṣọ́bìrì gbé owó irin àtijọ́ jáde, ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni kí wọ́n wá ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú, kí wọ́n bó o títí á fi máa dán. Tó bá fi máa dé orí àtẹ onílẹ̀kẹ̀ tàbí lẹ́kulẹ́ja ní ọjà Tejúoṣó, ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: "Èló ni?" Kò sẹ́ni tó ń béèrè pé, "Owó wo nìyí? Ibo lẹ ti rí i?"

Wọ́n á ní, "Ojú ẹ̀ ti pa rẹ́, kí la fẹ́ kà níbẹ̀?" Irọ́ ni. Owó tí ojú rẹ̀ pa rẹ́ ò tíì yadi. Ẹni tó fi ọsàn bó o ló pa á lẹ́nu mọ́.

Ẹ wo ohun tí wọ́n ń ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn èèyàn níbẹ̀ ń gbé ẹ̀rọ tó ń dún tó bá kan irin lábẹ́ ilẹ̀ káàkiri oko, wọ́n sì ń wú pẹ́nì fàdákà tó ti lé ní 700 ọdún jáde. Òòlù ni wọ́n fi ṣe owó ìgbà yẹn: wọ́n á gbé fàdákà pẹlẹbẹ sáàárín òǹtẹ̀ méjì, wọ́n á sì là á mọ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti jẹ, wọ́n sì ti gé etí òmíràn. Síbẹ̀ wọ́n ń kà á. Bí apá àgbélébùú ẹ̀yìn rẹ̀ bá gùn dé etí, ojú wọn á kọ́kọ́ lọ sí 1247, nígbà tí ìjọba Ọba Henry Kẹta fa àgbélébùú náà gùn kí ẹni tó bá gé etí owó lè hàn. Láti 1997 ni wọ́n ti ní ètò ìjọba kan, Portable Antiquities Scheme, tó ń kọ ohun tí ará ìlú bá rí sílẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti rí i. Ó ti lé ní mílíọ̀nù kan báyìí. Ṣé ojú tiwọn mú ju tiwa lọ ni?

Tiwa tilẹ̀ rọrùn jù. Kí náírà tó dé ní 1973, pẹ́nì Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà làwọn bàbá wa ń pè ní kọ́bọ̀. Tí owó bá ní ihò láàárín, ọ̀kan nínú mẹ́ta ni: ọ̀nínì, ẹ́pìnnì tàbí kọ́bọ̀. Ẹ gbé rúlà lé e. Ọ̀nínì tó bíi mìlímítà 20, ẹ́pìnnì 26, kọ́bọ̀ 30. Tí kò bá ní ihò, ẹ máa wo tọ́rọ́, sísì, ṣílè kan àti ṣílè méjì.

Ó kan àwọ̀. Kọ́bọ̀ tó funfun jẹ́ àdàlù bàbà àti níkẹ́ẹ̀lì. Ọdún 1952 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe èyí tó pupa. Ṣílè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tó jẹ́ fàdákà ò kọjá 1920, idẹ ló tẹ̀ lé e. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra o: ṣílè funfun ti Nàìjíríà 1959 kì í ṣe fàdákà.

Ó ku lẹ́tà. Tí ẹ bá rí "IND IMP" lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ọba, nígbà tó ṣì ń pe ara rẹ̀ ní olú ọba Íńdíà ni. Íńdíà gbòmìnira ní 1947, kò sì pẹ́ tí wọ́n fi yọ ọ́. H tàbí KN kékeré fi hàn pé Birmingham ni wọ́n ti tẹ owó náà. Kọ́bọ̀ 1936 kan tilẹ̀ wà tó ní orúkọ Edward Kẹjọ, ọba tí kò lo ọdún kan lórí ìtẹ́. Owó tó ní orúkọ rẹ̀ ò jáde fún ará ìlú ná nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ tiwa jáde, torí kọ́bọ̀ oníhò ò nílò àwòrán orí ọba. Àwọn tó ń pariwo lórí fóònù pé mílíọ̀nù náírà lowó rẹ̀, ẹ má dá wọn lóhùn. Ó pọ̀ káàkiri ayé. Iyì rẹ̀ wà nínú ìtàn tó ń sọ, àwọn lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín tó ń sọ ọ́ gan-an sì ni ọsàn àti eérú ń jẹ.

A mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Owó òyìnbó ni, kí ló kàn wá?" Ta ló ná an? Ìyá tó ń ta ata ló dì í mọ́ etí aṣọ. Wọ́n kà á fún alájọ, wọ́n fi san owó ọkọ̀, wọ́n fi dá owó àsè. Orí ọba tó pa rẹ́ lára ṣílè, ọwọ́ àwọn èèyàn wa ló pa á rẹ́. Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Jíjẹ tí owó yẹn jẹ, àkísà àgbà nìyẹn. Ta ló ń fi ọsàn fọ àkísà àgbà kó lè dà bí aṣọ tuntun?

Èyí tó tún burú ju ọsàn lọ ni pé a ò kọ ibi tí owó ti jáde sílẹ̀. Láti 1955 ni ìjọba ti ń wó ilé àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n sì ń kó àwọn èèyàn ibẹ̀ lọ sí Sùúrùlérè. Kọ́bọ̀ funfun tí wọ́n bá hú lẹ́yìn irú ilé bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ owó tí ìdílé kan gbé sọdá. Èyí tó bá jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú irin Yábà lè jẹ́ ti èrò ọkọ̀. Owó kan náà ni, àmọ́ ibi tí a ti rí i ló ń ya ìtàn wọn sọ́tọ̀. Tí méjèèjì bá ti bọ́ sínú abọ́ kan náà lórí àtẹ, ó parí.

Nítorí náà, ohun tí a fẹ́ ò pọ̀. Tí ẹ bá rí owó, ẹ má bó o. Tí iyẹ̀pẹ̀ bá wà lára rẹ̀, omi lásán ti tó. Ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ àdúgbò, ọjọ́, àti bí ó ṣe jìn tó nínú ilẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú un lọ fún àgbà kan tó ná tọ́rọ́ àti sísì rí, kí wọ́n tó lọ tán. Kí mùsíọ̀mù ìjọba ní Oníkan náà ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù tí ọmọ Tejúoṣó lè gbé ohun tó rí wá, kí wọ́n bá a kà á ní Yorùbá, láìbi í bíi olè.

Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ máa tà, a ò dí yín lọ́wọ́. Kẹ́ ẹ ṣáà béèrè ibi tí owó ti wá kẹ́ ẹ tó dá iye lé e.