Míìtì Páì Tó Ń Bẹ́

Ìyá kan tó ń tajà ní Erékesan, l'Adó-Èkìtì, kọ̀wé sí wa pé míìtì páì òun ń bẹ́, omi ẹran ń ṣàn jáde, oníbàárà kan tiẹ̀ bi òun pé ṣé ọbẹ̀ lòun rà ni!

Ìyá wa, ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ẹ ní bí ẹ bá ti sọ ẹran kalẹ̀ lórí iná lẹ ń dì í. Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ooru ń yọ́ bọ́tà inú ìyẹ̀fun, ìyẹ̀fun ò sì lè dúró mọ́. Ẹ po ìyẹ̀fun ṣíbí kan mọ́ ẹran náà kó lè ki, kó tutù pátápátá kí ẹ tó dì í. Ẹ fi fọ́ọ̀kì tẹ etí rẹ̀, ẹ gún òkè rẹ̀ kí ooru lè rọ́nà jáde. (Àwọn ará Georgia, omi híhó ni wọ́n ń se tiwọn sí, khinkali ni wọ́n ń pè é.)

Ẹ ò ní ófùnù? Ìkòkò irin tí a da yanrìn sí ń ṣiṣẹ́ náà dáadáa.

Àmọ́ èyí tí ẹ ní ó ń sùn mọ́jú tí ẹ tún ń gbé lọ fáwọn ọmọ iléèwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáwọ́ ńbẹ̀. Ẹran tó sùn síta láìsí fíríìjì lè dá inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru sílẹ̀, bí ò tiẹ̀ rùn. Ẹ dín owó rẹ̀ kù nírọ̀lẹ́, kó tán lọ́jọ́ náà.