Nígbà Tí Ibà Bá Wọ Ọpọlọ

Bí òjò bá ti dá adágún omi sílẹ̀ ní Àkúrẹ́ àti ìlú Oǹdó, ẹ̀fọn a gbé ibà dé, ibà náà a sì wọ ọpọlọ àwọn ọmọdé kan, gìrì a mú wọn, eyín wọn a pa pọ̀ pinpin. Ara tí ń bá ibà jà máa ń tú sáítókáìnì jáde, ìyẹn èròjà tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ààbò fi ń ránṣẹ́ síra wọn; bí ó bá kan máíkróglíà, ọlọ́dẹ inú ọpọlọ tí Pío del Río Hortega sọ lórúkọ ní 1919, wọn a ká ẹ̀ka wọn kò, wọn a wú, wọn a sì tú tiwọn kún un. Abẹ́rẹ́ átẹ́súnéètì ń pa kòkòrò ibà, ṣùgbọ́n òun nìkan kò tó láti pẹ̀tù sí ọlọ́dẹ tí inú ti bí. Ní gbogbo wákàtí tí òbí bá fi ń se àgbo, iná ìbínú ọlọ́dẹ náà ń ràn nínú ọpọlọ ọmọ.