Ìdíje ṣeé sún síwájú, ọjọ́ orí ọmọ kò ṣeé sún

Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejìlá ọdún 2020, Gánà fi àmì ayò 2 sí 1 borí Burkina Faso ní Àjàṣẹ́, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn kò ju 20 lọ ní ẹkùn tiwa, èyí tí a mọ̀ sí UFOA-B. Ọjọ́ márùn-ún péré lẹ́yìn ìyẹn, FIFA kéde pé ìdíje ife-ẹ̀yẹ àgbáyé fún irú àwọn ọ̀dọ́ bẹ́ẹ̀, tó yẹ kó wáyé ní Indonéṣíà lọ́dún 2021, kò ní wáyé mọ́. Wọn ò sún un síwájú o. Wọ́n fagi lé e ni, wọ́n ní ó di 2023. Kòrónà ló fà á.

Ọ̀la Kérésìmesì ni ìkéde yẹn bọ́ sí, ọ̀pọ̀ èèyàn kò sì kà á sí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ pọ̀. Ìdíje Àjàṣẹ́ yẹn, àwọn tí wọ́n bí ní 2001 síwájú ló wà fún. Ọmọ tí wọ́n bí ní ìbẹ̀rẹ̀ 2001, nígbà tí 2023 bá dé, yóò ti pé ẹni ọdún 22. Kò sí ẹni tó máa pè é sí ìdíje àwọn ọ̀dọ́ mọ́. Tí òun tàbí ẹgbẹ́ rẹ̀ bá sì gbá bọ́ọ̀lù débi tí ó yẹ kí wọ́n dé, ẹnu ọ̀nà ti tì kí wọ́n tó débẹ̀. Gánà tó gba ife ní Àjàṣẹ́ tún lọ gba ti gbogbo Áfíríkà ní Mọriténíà ní oṣù Kẹta ọdún 2021, wọ́n na Uganda 2-0 nínú àṣekágbá. Lọ́dún mìíràn, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ì bá lọ ṣojú Áfíríkà lágbàáyé. Lọ́dún 2021, wọ́n gba àmì-ẹ̀yẹ wọn, wọ́n padà sílé.

A kò sọ pé kí wọ́n má dá bọ́ọ̀lù dúró nígbà náà. Gbogbo wa la mọ bí oṣù Kẹta ọdún 2020 ṣe rí. Ọjọ́ 6 oṣù yẹn ni Tógò rí aláìsàn Kòrónà àkọ́kọ́, ọjọ́ 16 ni ti Bẹ̀nẹ̀. Kí oṣù náà tó parí, ìjọba ti fi ìdènà yí Kútọnu, Àjàṣẹ́ àti àwọn ìlú tó súnmọ́ wọn ká. Ará Kétu kò lè wá kí ẹbí rẹ̀ ní Àjàṣẹ́, ẹni tó wà ní Àjàṣẹ́ kò lè lọ sí Sábẹ̀, títí ó fi di oṣù Karùn-ún. Nígbà tí ọmọ kò lè lọ wo ìyá rẹ̀, ta ló máa sọ pé kí wọ́n ṣí pápá ìṣeré?

Líìgì náà dúró. Ní Bẹ̀nẹ̀, wọn kò parí rẹ̀. Buffles du Borgou, ẹgbẹ́ Parakou tó wà lókè tábìlì, ni wọ́n rán lọ sí ìdíje Áfíríkà. Tógò fún ASKO ti Kara ní adé. Nàìjíríà pín máàkì ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan sí iye ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó ti gbá, Plateau United sì bọ́ sókè. Orílẹ̀-èdè mẹ́ta, ìlànà mẹ́ta. Èyí tó tọ́ jù nínú wọn, a fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń jiyàn nídìí ọlọ́tí. Wọn kò tíì parí ẹ̀.

Ohun tó ń dùn wá ni èyí tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí àrùn náà rọlẹ̀ díẹ̀, gbogbo ohun tó jẹ́ ti àgbà ni wọ́n wá àyè fún. Ìdíje CHAN tó yẹ kó wáyé ní Kamẹrúùnù ní oṣù Kẹrin 2020, wọ́n sún un sí oṣù Kìíní 2021, Tógò sì láǹfààní láti lọ síbẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìtàn rẹ̀. Ife-ẹ̀yẹ Áfíríkà ti 2021, wọ́n sún un sí 2022, orúkọ rẹ̀ pàápàá kò yí padà. Ẹ sì wo ti àwa náà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹta ọdún 2021, Nàìjíríà tó gba orí omi wá láti Èkó (ọkọ̀ ojú omi ló yá ju ọ̀nà Sẹ̀mẹ̀ lọ, ẹ̀yin tó ń gba ibẹ̀ mọ ohun tí à ń wí) nà wá 1-0 ní Àjàṣẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, a dé Freetown láti gbá ti Sierra Leone, tí àwọn àgbà wa ń pè ní Sàró. Wọ́n ní àyẹ̀wò fi hàn pé àwọn kan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù wa ní Kòrónà, àwọn tiwa ní ọ̀rọ̀ náà ní màgòmágó nínú, wọ́n jókòó sínú bọ́ọ̀sì, wọn kò gbá a. Kí ni CAF ṣe? Wọ́n wá ọjọ́ mìíràn, wọ́n wá orílẹ̀-èdè mìíràn. A gbá a ní Conakry ní ọjọ́ 15 oṣù Kẹfà ọdún 2021, pẹnáritì kan ṣoṣo ló sì lé wa kúrò. Ó dùn wá, ó ṣì ń dùn wá, ṣùgbọ́n wọ́n gbá a.

Ìyẹn ni pé bí àgbà bá pàdánù ọjọ́ kan, wọn yóò wá ọjọ́ mìíràn fún un.

Ti àwọn ọmọdé kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn tí kò ju 17 lọ gbá ìdíje ẹkùn wa ní Lómé ní oṣù Kìíní ọdún 2021. Côte d'Ivoire àti Nàìjíríà pegedé láti lọ sí Mòrókò. Ọjọ́ díẹ̀ kí ìdíje Mòrókò bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Kẹta, CAF fagi lé e. Èyí tí ì bá tẹ̀ lé e ní Pérù, ife-ẹ̀yẹ àgbáyé tiwọn, FIFA ti fagi lé òun náà lọ́jọ́ kan náà tó fagi lé ti Indonéṣíà. Àwọn tí wọ́n bí ní 2004 àti 2005 nìyẹn. Wọ́n gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n yege, wọn kò rí ibi lọ.

Àwọn kan máa sọ pé bọ́ọ̀lù ọmọdé kò ju bọ́ọ̀lù ọmọdé lọ. A kò gbà. Ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Pòbẹ̀ tàbí ní Ṣakété, tí kò ní bàbá lókè òkun, tí kò ní aṣojú, irú ìdíje bẹ́ẹ̀ nìkan ni fèrèsé tí ayé lè gbà rí i. Ní Mọriténíà, ọmọ Gánà ẹni ọdún 16 kan, Abdul Fatawu Issahaku, ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ, kí oṣù tó parí orúkọ rẹ̀ ti wà lẹ́nu àwọn oníròyìn Yúróòpù. Bí wọ́n bá ti fagi lé ìdíje yẹn náà ńkọ́? Ọmọ náà yóò ṣì mọ bọ́ọ̀lù gbá, ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀?

Àwọn àgbà wa ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Ọdún méjì lára eré àwọn ọmọ yìí ni wọ́n gé kúrò, kò sì sí ẹni tó jókòó pẹ̀lú wọn láti sọ ohun tó kàn.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé kò sí ohun tí wọ́n lè ṣe. Lóṣù Keje ọdún 2021 ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù Òlíńpíìkì ní Tókíò. Àwọn tí kò ju ọdún 23 lọ ló yẹ kó wà fún, láìka àwọn mẹ́ta tó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí Kòrónà sún un kúrò ní 2020, ìbéèrè dìde: àwọn tí wọ́n bí ní 1997, tí wọ́n máa pé 24 lọ́dún 2021, ṣé kí wọ́n jókòó sílé? FIFA ní rárá. Ọdún ìbí tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀, 1997 náà, ni wọ́n fi sílẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ tún fẹ àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan láti ẹni 18 sí 22 nítorí àrùn náà. Côte d'Ivoire wà lára àwọn tó lọ sí Tókíò. Ẹ wò ó bí: orílẹ̀-èdè kan náà, ọdún kan náà, àrùn kan náà, wọ́n sún ìlà fún àwọn ẹ̀gbọ́n, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn àbúrò.

Nítorí náà, ìlà ọjọ́ orí kì í ṣe òfin tó já bọ́ láti ọ̀run. Èèyàn ló fà á, èèyàn ló sì lè sún un.

Ohun tí à ń bèèrè kò tóbi. Àjọ bọ́ọ̀lù Bẹ̀nẹ̀ àti ti Tógò ló ń kọ ìlànà ìdíje àwọn ọ̀dọ́ nílé. Ní sáà tó ń bọ̀ àti èyí tó tẹ̀ lé e, kí wọ́n gba àwọn tí wọ́n bí ní 2001 àti 2002 láyè nínú ti àwọn ọ̀dọ́, kí wọ́n sì ṣe bákan náà fún 2004 àti 2005 nínú ti àwọn kékeré. Àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá kan máa fi ẹ̀hónú hàn pé èyí yóò dí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn lọ́nà, pé ọmọ tí wọ́n bí ní 2003 náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ìdí nìyẹn tí a fi rò pé kí ó ní òǹkà: ẹni mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, bíi ti Òlíńpíìkì, ó tó. UFOA-B náà lè kó ẹgbẹ́ méje ẹkùn wa jọ fún ìdíje kékeré kan fún àwọn tí ọdún wọn ṣòfò yìí. Ìjọ́ méje, pápá kan. Àjàṣẹ́ ti fi hàn ní oṣù Kejìlá pé ó ṣeé ṣe, kódà nígbà tí àrùn ṣì wà nílẹ̀.

Bí wọn kò bá ṣe é, a mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀, nítorí ó ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní 2018, ní Niamey, agbábọ́ọ̀lù 10 nínú 18 ẹgbẹ́ Bẹ̀nẹ̀ tí kò yẹ kó ju 17 lọ ló kùnà nínú àyẹ̀wò MRI. Àyẹ̀wò yẹn, ọrùn ọwọ́ ni wọ́n ń yà ní fọ́tò. Ibi tí egungun ti ń dàgbà níbẹ̀, bí ó bá ti so pọ̀ tán, ọmọ náà ti kọjá 17 nìyẹn. Wọ́n lé Bẹ̀nẹ̀ kúrò nínú ìdíje. Ẹjọ́ dé kóòtù, wọ́n rán àwọn ọmọ náà lẹ́wọ̀n pẹ̀lú àgbà kan tàbí méjì. Kò sí ìlú kan nínú àwọn ìlú wa tí ọ̀rọ̀ yẹn kò tì lójú.

Ọmọ tí ẹ gba ọdún méjì lọ́wọ́ rẹ̀, tí ẹ sì sọ fún un pé ó ti dàgbà jù, ẹ ti fi ọ̀nà ibi tí wọ́n ti ń ṣe ayédèrú ìwé ìbí hàn án. Ẹni tó bí i ní 2002 yóò di ẹni tó bí i ní 2004. A kò fẹ́ kí ọmọ kankan ṣe bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni a kò ní bo ẹni tó bá ṣe é. Ṣùgbọ́n MRI kò lè ràn wá lọ́wọ́ fún àwọn tí kò ju 20 lọ, torí egungun ọ̀pọ̀ nínú wọn ló ti so pọ̀. Ní ìpele yẹn, ìwé ìbí àti òótọ́ inú ọmọ nìkan ló kù. Ó sàn kí wọ́n fún un láyè ní gbangba ju kí ó wá àyè lábẹ́lẹ̀.

Ẹ̀yin òbí ńkọ́? Àwa náà mọ̀ pé sùúrù yín ti ń tán. Ọmọ tó fi ilé-ìwé tàbí iṣẹ́ ọwọ́ sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù, tí bọ́ọ̀lù sì dúró, òun lẹ bá nílé ní gbogbo ọdún 2020. Àwọn kan ti ń gun sẹ́míjàn, àwọn kan ti lọ ń ta kpayo létí títì. Bí ẹ bá fẹ́ kó padà sẹ́nu iṣẹ́ tó ń kọ́, ẹ̀tọ́ yín ni, a kò sì ní sọ pé ẹ kò rí i dáadáa. Kí ó ṣì máa lọ sí pápá ní ìrọ̀lẹ́, ohun tí à ń bẹ̀ yín fún kò ju ìyẹn lọ, títí àwọn tó ń kọ ìlànà yóò fi dáhùn.

Wọn kò ní láti dúró de FIFA kí wọ́n tó dáhùn. Ìlànà sáà tó ń bọ̀ kò tíì jáde. Ìlà kan péré ló kù kí wọ́n fi sínú rẹ̀, ọdún ìbí, pẹ̀lú òǹkà ẹni mẹ́ta.