Yorùbá àti Kọ̀ǹpútà Kì Í Ṣe Ọ̀tá Ara Wọn

 Ọ̀rọ̀ táímù-tébù ni mo bá wá sí ojú bọ́ọ̀dù lónìí.

Ní SS wa, Yorùbá àti Data Processing bọ́ sí àkókò kan náà, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, lẹ́yìn bíréèkì. Ẹni tó bá jókòó sí kíláàsì Yorùbá kò lè dé yàrá kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá sì gba yàrá kọ̀ǹpútà lọ, ó ti dágbére fún Yorùbá nìyẹn títí dé WAEC. Nígbà tí a wọ SS1, wọ́n ní kí kálukú mú ọ̀kan. Àwọn tí ìṣirò wọn dára mú kọ̀ǹpútà, wọ́n sì kó àwọn yòókù fún Yorùbá, àfi bíi pé ibẹ̀ ni à ń kó ẹni tí kò rí ibi jókòó sí. Méjèèjì ni èmi fẹ́. Yorùbá ni mo mú, ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Wọ́n máa ń bi mí pé, "Kí ni Yorùbá fẹ́ fi kọ̀ǹpútà ṣe?" Ẹnì kan wà tí ìgbésí ayé rẹ̀ dáhùn ìbéèrè yẹn ju bí èmi ṣe lè dáhùn rẹ̀ lọ. Ọ̀gbẹ́ni Kọ́lá Túbọ̀sún ni wọ́n ń jẹ́.

Ìbàdàn ni wọ́n ti bí wọn ní 1981. Bàbá wọn ni Ọlátúbọ̀sún Ọládàpọ̀, akéwì àti sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò, tó ké ewì sínú rẹ́kọ́ọ̀dù tí àwọn bàbá wa ń gbọ́. Nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Túbọ̀sún dé Yunifásítì Ìbàdàn, ìmọ̀ ẹ̀dá èdè ni wọ́n kọ́. Kọ̀ǹpútà kọ́ o. Ní 2009, wọ́n gba ètò Fulbright lọ sí yunifásítì kan ní Edwardsville, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀ ní Yorùbá. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: ọmọ Amẹ́ríkà jókòó ní kíláàsì, ó ń kọ́ dò-re-mí Yorùbá. Àwa tí a ni ín ni kò rí àyè fún un lórí táímù-tébù!

Nígbà tí wọ́n padà wálé, wọ́n di tísà Gẹ̀ẹ́sì ní ilé ìwé girama kan ní Èkó. Láàárín àkókò yẹn náà ni wọ́n jẹ́ olóòtú ìwé ìròyìn lítíréṣọ̀ kan tó ń jẹ́ NTLitMag. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe olóòtú bọ́ọ̀dù yìí rí, ẹ mọ ohun tí iṣẹ́ yẹn jẹ́. Ẹ óò ka àpilẹ̀kọ ẹlòmíràn lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ óò máa wá kọ́mà tó sọnù, orúkọ tí wọ́n ṣì kọ, ọ̀rọ̀ tí àmì rẹ̀ yí padà. Ojú olóòtú yẹn ló gbé wọn dé ìdí kọ̀ǹpútà, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe rí i.

Ní 2012, wọ́n wà lára àwọn tó ké sí Twitter pé kí wọ́n fi Yorùbá kún àwọn èdè tí wọ́n ń lò. Nígbà tó di 2015, wọ́n dá YorubaName sílẹ̀. Ìwé atúmọ̀ orúkọ ni, orí íntánẹ́ẹ̀tì ló wà. Ẹ tẹ orúkọ kan, ẹ óò rí bí a ṣe ń kọ ọ́ pẹ̀lú àmì ohùn, ìtumọ̀ rẹ̀ àti bí a ṣe ń pè é. Bí orúkọ yín kò bá sí níbẹ̀, ẹ lè fi í ránṣẹ́.

Ohun kan wà nínú iṣẹ́ yìí tí mo fẹ́ kí Vice Principal wa fi ojú inú wò dáadáa. Ọ̀gbẹ́ni Túbọ̀sún kọ́ ló dá kọ kóòdù rẹ̀. Àwọn tó mọ kóòdù kọ ló bá wọn ṣe é. Onímọ̀ èdè mọ̀ pé orúkọ kan lè ní àmì méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kó sì ní ìtumọ̀ méjì, ṣùgbọ́n kò mọ bí a ṣe ń kó o sínú ẹ̀rọ. Ẹni tó ń kọ kóòdù mọ bí a ṣe ń kó o sínú ẹ̀rọ, ṣùgbọ́n bí kò bá gbọ́ Yorùbá yékéyéké, "Ade" ni yóò máa kọ, yóò sì gbà pé iṣẹ́ ti parí. Àfi kí wọ́n jókòó sí yàrá kan náà. Ní ilé ìwé wa, agogo tó ń dún lẹ́yìn bíréèkì ló ń tú wọn ká.

Ní 2016, wọ́n gbé kíbọ́ọ̀dù jáde lọ́fẹ̀ẹ́ fún Yorùbá àti Ìgbò, èyí tí a lè fi tẹ àmì ohùn. Bóyá ẹnì kan á ní kí ló le nínú ìyẹn. Ó le o. Kọ̀ǹpútà kò mọ lẹ́tà, nọ́ńbà ló mọ̀. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀ nínú àkójọ kan tí gbogbo ayé jọ ń lò, Unicode ni wọ́n ń pè é. "Ẹ" ní nọ́ńbà tirẹ̀, "ọ" ní, "ṣ" náà ní. "É" tó ní àmì lórí nìkan ní tirẹ̀, torí pé àwọn Faransé ń lò ó. Ṣùgbọ́n "ẹ́", tó ní àmì lórí tó tún ní àmì nísàlẹ̀, kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo tó jẹ́ tirẹ̀. Kọ̀ǹpútà á kọ́kọ́ kọ "ẹ", á wá gbé àmì lé e lórí. Nọ́ńbà méjì fún lẹ́tà kan. Kíbọ́ọ̀dù tí wọ́n ṣe fún Gẹ̀ẹ́sì kò ní ojú ibi tí a ó ti tẹ ìyẹn. Bí fọ́ńtì kò bá sì dára, àmì náà á fò sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí àpótí kékeré kan yọ jáde dípò lẹ́tà. Ẹ ti rí i rí lórí pẹ́pà ìdánwò Yorùbá, ẹ má ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Kì í sì í ṣe pé Yorùbá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ ìwé. Ní 1843 ni Àjàyí Crowther tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde. Ní 1859, Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ Ìwé Ìròyìn ní Abẹ́òkúta. Ní 1875, wọ́n ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ èdè náà sílẹ̀. Àwọn tó ń fi lẹ́tà òjé tẹ̀wé láyé ìgbà yẹn rí ọ̀nà fi àmì sí abẹ́ lẹ́tà. Àwa tí a ní kọ̀ǹpútà la wá ń sọ pé kò ṣeé ṣe.

Nígbà tó yá, Google gbà wọ́n síṣẹ́, nítorí ìmọ̀ èdè tí wọ́n ní. Wọ́n wà lára àwọn tó ṣe ohùn Gẹ̀ẹ́sì Nàìjíríà tí Google gbé jáde ní oṣù keje ọdún 2019. Ẹ̀gbọ́n màmá mi tó ń wa ọkọ̀ láti Ọ̀wọ̀ sí Èkó mọ ohùn yẹn. Ó ní ti tẹ́lẹ̀ máa ń pe orúkọ àdúgbò bí ẹni tó ní ẹ̀wà gbígbóná lẹ́nu. Lẹ́yìn Google, wọ́n lọ sí British Library ní Lọ́ńdọ̀nù láti yẹ àwọn ìwé àtijọ́ tí wọ́n kọ ní èdè Áfíríkà wò, wọ́n sì tún padà sídìí iṣẹ́ olóòtú pẹ̀lú OlongoAfrica ní 2020. Ẹyẹ kékeré ni olóńgo, mo fẹ́ràn orúkọ yẹn.

Wọn kì í ṣe ẹnì kan ṣoṣo tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí. Ní Ìbàdàn, Dókítà Túndé Adégbọlá dá Alt-I sílẹ̀, wọ́n sì ti ń bá a bọ̀ tipẹ́ láti jẹ́ kí kọ̀ǹpútà gbọ́ èdè wa kó sì sọ ọ́. Wọ́n ti ṣe ìwádìí lórí bí kọ̀ǹpútà ṣe lè fúnra rẹ̀ fi àmì sí ọ̀rọ̀ tí kò ní àmì. Kó tó lè mọ̀ ọ́n ṣe, ó gbọ́dọ̀ ka ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ti fi àmì sí dáadáa. Ta ni yóò kọ ọ̀rọ̀ yẹn fún un, bí àwa tí à ń kọ́ Yorùbá kò bá mọ kíbọ́ọ̀dù lò?

Wọ́n á ní, "Kò sí wàhálà, èèyàn á mọ ìtumọ̀ láti inú gbólóhùn." Ṣé lóòótọ́? Ìlú tí a ń gbé gan-an ni ẹjọ́ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ "owo" láìsí àmì, kí ẹ wá sọ èyí tó jẹ́ fún mi: owó, òwò, ọwọ́, ọwọ̀, ọ̀wọ́, ọ̀wọ̀. Lẹ́tà mẹ́ta péré. Nígbà ọdún Igogo tó kọjá, ẹgbẹ́ wa lẹ àkọlé kan sí bọ́ọ̀dù yìí: "Ojo Igogo: Olowo jo ni igboro." Ọmọ JSS2 kan dúró, ó kà á, ó wá bi mí pé, "Bọ̀dá, olówó wo ló jó?" Ọlọ́wọ̀ tó ṣe irun, tó fi ìlẹ̀kẹ̀ iyùn sọ́rùn, ọba tí gbogbo ìlú jáde wá wò, la sọ di olówó lásán torí àmì tí kò sí. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tiẹ̀ bi mí bóyá òjò rọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ohun tí à ń ṣe báyìí ni pé a ó tẹ ìròyìn láìsí àmì, a ó wá fi bírò fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ ń kà yìí, ìrọ̀lẹ́ méjì ló gbà mí. Ẹ wò ó dáadáa, ẹ óò rí ibi tí bírò ti dà sí.

Àwọn kan á sọ pé kọ̀ǹpútà wa kò tó, iná kì í sì í dúró. Òótọ́ ni. Èmi ò béèrè fún kọ̀ǹpútà tuntun. Ọ̀kan tí ẹgbẹ́ akọ̀ròyìn fi ń tẹ̀wé ni mo ń sọ, kí wọ́n bá wa fi kíbọ́ọ̀dù Yorùbá sínú rẹ̀. Fóònù àwọn òbí wa náà lè ṣe é nílé. Kíbọ́ọ̀dù Google tó wà lórí ọ̀pọ̀ fóònù ní Yorùbá, ẹ ṣáà yàn án nínú àwọn èdè tó wà níbẹ̀.

Èyí tó kù wà lọ́wọ́ yín, Vice Principal wa. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa gbé Yorùbá kúrò ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀. Píríọ́dù láíbìrì ọjọ́ Ajé àti ti ọjọ́ Ẹtì ṣófo fún SS1 àti SS2. Mo ti lọ bá tísà Yorùbá wa, wọ́n ní kò sí ìṣòro lọ́dọ̀ àwọn. Tísà kọ̀ǹpútà ní àwọn á gba ọmọ tuntun bí ẹ bá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n kí a kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. A ti kọ ọ́. Ó wà lọ́wọ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ wa ní SS2B, ọmọ mọ́kànlá ti fọwọ́ sí i. Ẹni tó bá fẹ́ kí orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, kó wá kó tó di ọjọ́ Ẹtì, kó sì kọ orúkọ náà pẹ̀lú àmì.