Ọ̀RỌ̀ OORU NÍ ILÉ Ẹ̀KỌ́ WA

Ẹni tí ó bá dúró ní ìdí agbada àwọn ìyá tí ń yan gàrí ní Ìpara Rẹ́mọ yóò rí ẹ̀kọ́ ńlá. Irin agbada ń gba ooru iná kíákíá, ó sì ń fi í fún gàrí. Ṣùgbọ́n àfọ́kù igbá tí ìyá fi ń yí i kì í jó o lọ́wọ́. Síbẹ̀ ọmọ ìyá yìí lè dé ilé ẹ̀kọ́, kí ó há ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta sórí nípa bí ooru ti ń rìn, kí ó má sì mọ̀ pé agbada ìyá òun ni wọ́n ń wí.

Ẹ̀bi ọmọ kọ́. Àwa àgbà ni a kò tí ì fẹnu kò. Bí omi inú ife àti ti inú ìkòkò ńlá bá ń hó, ìwọ̀n gbígbóná wọn dọ́gba, 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Ṣùgbọ́n ooru tí ó wọ inú omi ìkòkò pọ̀ ju ti ife lọ fíìfíì. Ẹ bi ẹni tí ó ra igi ìdáná. Èdè wa ní ooru, ó ní gbígbóná, lọ́wọ́ọ́rọ́, hó, yọ́ àti dì. Ṣùgbọ́n olùkọ́ kan a pe ìwọ̀n gbígbóná ní ooru, èkejì a pè é ní ìgbóná, bẹ́ẹ̀ ni ìgbóná sì jẹ́ orúkọ àrùn tí gbogbo ayé bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní 1980!

Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Saint Stephen's 'A' ní Mọdákẹ́kẹ́, títí kan sáyẹ́ǹsì, fún ọdún mẹ́fà gbáko. Àwọn ọmọ náà kò rẹ̀yìn. Ní 2022 Ìjọba Àpapọ̀ fọwọ́ sí èdè abínibí fún ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 2025 ó tún wọ́gi lé e. Àwa kò fara mọ́ ìwọ́gilé náà.

Ìkẹ́nnẹ́ ní Rẹ́mọ ni ìlú Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, tí ìjọba rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955. Kí àwọn tí ń fi orúkọ rẹ̀ tọrọ ìbò sọ fún Abẹ́òkúta pé kí a pe olùkọ́ sáyẹ́ǹsì àti olùkọ́ Yorùbá jọ, kí wọ́n yan ọ̀rọ̀ kan fún ohun kan, kí a sì tẹ̀ ẹ́ fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ má dúró dè wọ́n. Ẹ mú àwọn ọmọ lọ sí ìdí agbada. Ní tiwa, láti òní lọ, 'ìwọ̀n gbígbóná' ni a ó máa kọ lójú ìwé yìí, a ó sì fi 'ooru' sílẹ̀ fún ooru.